Àǹtí Olókùúta Ń Dá Yín Lóhùn: Ẹ Gbé Òkúta Lé Ọmọ Lọ́wọ́ Ná

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú lóṣù yìí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jáde látinú ọ̀rọ̀ tí mo sọ lóṣù tó kọjá, pé òkúta ni mo máa ń gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nígbàkúùgbà tí mo bá fẹ́ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ òṣùpá àti pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì. Ti tíṣà yóò gùn díẹ̀. Ẹ bá mi fara dà á.

Àǹtí Olókùúta, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní Òkè-Àdó. Mo fẹ́ dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ fáwọn ọmọ SS1, kí wọ́n lè nífẹ̀ẹ́ sí ẹ̀kọ́ ilẹ̀ àti òkúta àwọn pílánẹ́ẹ̀tì. Mo pe ọ̀gá kan wá, ó bá wọn sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àbọ̀ lórí bí èèyàn ṣe ń di ẹni ńlá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ mẹ́ta péré ló yọjú. A ò ní awò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, kò sì sówó. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? — Tíṣà Jọ́gíráfì, Òkè-Àdó

Tíṣà mi, ẹ kú làálàá. Àwọn mẹ́ta tó yọjú yẹn, ẹ dì wọ́n mú. Méjì lèmi fi bẹ̀rẹ̀ tèmi, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo fi bọ́ǹsì tàn wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ojú mi ṣe là. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan níhà Bẹẹrẹ, pirojẹ́kítọ̀ ni mo gbé lọ. Àwòrán ogójì ló wà níbẹ̀, mo ti to Júpítà, mo ti to Sátọ̀nù tòun ti òrùka rẹ̀. Mi ò tíì dórí àwòrán kẹta tí wọ́n fi mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wà, epo ni ò sí. Ọgọ́rin ọmọ ń wò mí, èmi náà ń wò wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ti ṣa òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí mò ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Mápó, òun ni mo gbé lé ìwé mi lórí kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Ọmọkùnrin kan níwájú nàka sí i, ó ní, “Àǹtí, kí ló ń dán nínú ìyẹn?” Mo gbé e fún un. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó tọ́ ọ lá (ọmọ Ìbàdàn, kò sóhun tí kò lè tọ́ wò), ó gbé e fún ẹni kejì rẹ̀. Kí n tó mọ̀, gbogbo kíláàsì ti dìde. Wákàtí kan gbáko la lò lórí òkúta tí mi ò kà sí nǹkan kan. Nígbà tí iná padà dé, kò sẹ́ni tó ní kí n tan àwòrán.

Òkúta Mápó yẹn, iyanrìn ni tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ jìnnà, ooru ìsàlẹ̀ ilẹ̀ sè é, ìwúwo ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, títí wóró iyanrìn fi lẹ̀ mọ́ ara wọn bíi dídì ṣúgà tí omi ti kàn. Ohun tó ń dán nínú rẹ̀ ni wóró wọ̀nyẹn. Ó ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún tí èyí ti ṣẹlẹ̀. Nítorí pé ó le ju òkúta tó yí i ká lọ ni òjò ṣe jẹ ìyókù rẹlẹ̀ tó sì fi í sílẹ̀ lókè, ìdí nìyẹn tí Mápó àti Òkè Àrẹ̀mọ fi yọ sókè láàárín ìlú. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìdí Mápó, tó ti ń sáré lórí rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń wọ pátá, kò sẹ́ni tó sọ èyí fún un rí. Ká tó wá máa sọ ti Sátọ̀nù.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tíṣà. Òkúta wíwò ni iṣẹ́ yìí ju ìràwọ̀ wíwò lọ. Nínú àwọn ọkùnrin 12 tó tẹ òṣùpá, ọ̀kan ṣoṣo ni jíọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ ilẹ̀ àti òkúta, jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, Harrison Schmitt tó bá ọkọ̀ Apollo 17 lọ ní December 1972. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù, awakọ̀ òfuurufú ni wọ́n. Kí wọ́n tó gbéra, orí àpáta ilé ayé níbí ni wọ́n ti kó wọn kiri, tí wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dá òkúta mọ̀. Wọ́n kó òkúta àti erùpẹ̀ bíi 382 kílò wálé, wọ́n sì ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò di òní.

Ohun tí mo ń gbé káàkiri báyìí ni kírétì mínírà àtijọ́ kan. Ojú ihò mẹ́rìnlélógún ló ní, òkúta kọ̀ọ̀kan jókòó sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Mi ò lẹ orúkọ mọ́ èyíkéyìí. Bí ẹ bá ti dárúkọ òkúta fún ọmọ, ó ti tán nìyẹn, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì dáwọ́ wíwò dúró. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé: kí lo rí? Ó wúwo ju bó o ṣe rò lọ ni àbí ó fúyẹ́? Kí lo rò pé ojú rẹ̀ ti rí?

Èyí tó ń mú wọn jù lọ rèé. Ẹ wá òkúta wẹ́wẹ́ oríṣi méjì. Ọ̀kan ni èyí táwọn bíríkìlà ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì, ibi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé lẹ ti máa rí i. Ìkejì ni òkúta ìsàlẹ̀ odò. Èmi ṣa tèmi létí Odò Ọnà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ kó méjèèjì sínú àpò kan, kí ọmọ di ojú, kó kọwọ́ bọ̀ ọ́, kó fi ọwọ́ nìkan yà wọ́n sọ́tọ̀. Kò sí ọmọ tó ń ṣì í. Ti bíríkìlà ní ẹnu mímú, ti odò dán, ó sì rí roboto. Ẹ wá béèrè pé ta ló fá a? Ọ̀kan nínú wọn á ní omi ni. Òmíràn á ní òkúta ló ń gbá òkúta nígbà tí omi ń yí wọn lọ. Àwọn méjèèjì ló gbà á.

Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó wá yọ àwòrán. Ẹyọ kan péré ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kò nílò iná. Ọkọ̀ Curiosity tí NASA, ilé iṣẹ́ òfuurufú Amẹ́ríkà, gbé balẹ̀ sínú kòtò Gale ní Máàsì ní August 2012 ló ya àwòrán náà lọ́dún yẹn: òkúta wẹ́wẹ́ roboto tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn. Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ kàn gbé e sí ẹ̀gbẹ́ òkúta Odò Ọnà. Ọmọbìnrin kan ní Agodi ló pariwo mọ́ mi létí pé, “Omi ti ṣàn níbẹ̀ rí!” Bẹ́ẹ̀ gan-an làwọn onímọ̀ sọ. Afẹ́fẹ́ kò lè gbé òkúta tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ yí kiri. Wọ́n wo bí àwọn òkúta náà ṣe tóbi tó, wọ́n sì rí i pé omi náà yóò ti jìn tó ọrùn ẹsẹ̀ sí ìbàdí, tó sì ń sáré tó ìrìn ẹsẹ̀ èèyàn. Kò sí omi tó ń ṣàn níbẹ̀ mọ́. Òkúta ló kù tó ń jẹ́rìí.

Ọmọ Ìbàdàn kò sì nílò kí wọ́n ṣàlàyé pẹ́ fún un pé omi ń gbé òkúta. Ìyá-ìyá rẹ̀ ti sọ ti Omíyalé Ògùnpa fún un, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní August 31, 1980. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ rí ti August 26, 2011. Ẹ ní kí wọ́n lọ béèrè nílé pé kí ni omi náà gbé, ibo ló sì já a sí. Mo ti ka iṣẹ́ àmúrelé ọmọ kan rí tó kọ pé ẹ̀rọ ata gbé láti òkè wá bá wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé omi ńlá ń gbé nǹkan ńlá, tí omi kékeré ń gbé kékeré, tí yóò sì já a sílẹ̀ níbi tí agbára rẹ̀ bá ti tán, ó ti ń ka ilẹ̀ Máàsì nìyẹn. Ọkọ̀ Perseverance tó balẹ̀ sí kòtò Jezero ní February 2021, ẹnu odò àtijọ́ ni wọ́n dìídì yàn fún un, ibi tí omi ti já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀.

Ti kòtò òṣùpá, èyí tí òkúta láti òfuurufú ń dá sí i lára nígbà tó bá já lù ú, eérú lẹ máa lò. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lo fúláwà tàbí èlùbọ́. Ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ̀yin náà mọ iye tí wọ́n ń tà á ní Bódìjà. Ẹ da eérú sínú ọpọ́n kó jìn tó ìka mẹ́ta, ẹ fi èédú lílọ̀ bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kí ọmọ kan ju òkúta sí i láti orúnkún, kí ẹlòmíràn jù ú láti àyà, kí ẹni tó ga jù gun àga. Wọ́n á fi rúlà wọn ìbú kòtò náà, wọ́n á sì rí i pé eérú funfun láti ìsàlẹ̀ ta sórí èédú dúdú ní ìlà-ìlà bí ìtànṣán. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ wà lára òṣùpá, ní àyíká kòtò tí wọ́n ń pè ní Tycho. Bí ẹ bá rí awò olójú méjì yá, ẹ lè fi rí i nígbà tí òṣùpá bá kún. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àwọn kòtò fúnra wọn lẹ fẹ́ kí wọ́n rí, ìgbà tí òṣùpá bá dé ìdajì ni kẹ́ ẹ pè wọ́n jáde, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ni oòrùn ti ń tàn sí wọn nígbà náà, òjìji wọn á hàn. Gbogbo ènìyàn ló ń pe ọmọ jáde lọ́jọ́ tí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ jù, tí wọ́n á sì máa sọ pé àwọn ò rí nǹkan kan.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín: ẹ má kó wọn lọ sétí odò lásìkò òjò. Ẹ ṣa òkúta náà fúnra yín. Àti ọ̀gá tó wá sọ̀rọ̀ ẹni ńlá yẹn, ẹ jẹ́ kó sinmi ná.

Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ JSS3 ni mí. Tíṣà wa ní òkúta Máàsì ti já bọ́ ní Nàìjíríà rí. Bàbá mi ní irọ́ ni, pé ta ló lọ sí Máàsì lọ gbé e wá? — Ọmọ Yemẹtu

Ọmọ mi, tíṣà rẹ kò purọ́. Kó o sì sọ ọ́ fún bàbá rẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, má fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Ní October 3, 1962, àgbẹ̀ kan ń lé ẹyẹ nínú oko àgbàdo rẹ̀ nítòsí àpáta Zagami ní ìhà Katsina. Ó gbọ́ ìró ńlá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bì í ṣubú. Nígbà tó wò, ihò ti wà nílẹ̀ ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí ibi tó dúró, òkúta dúdú tó tó kílò 18 sì wà nínú rẹ̀. Orúkọ ibẹ̀ náà ni wọ́n fi ń pè é títí dòní, Zagami.

Kò sẹ́ni tó lọ gbé e wá. Òkúta ńlá mìíràn ló ti fò láti òfuurufú lu Máàsì, tó fi jẹ́ pé èérún fò sókè kúrò níbẹ̀ pátápátá, wọ́n ń rìn kiri fún mílíọ̀nù ọdún mélòó kan kí ọ̀kan tó pàdé ilé ayé. Báwo la ṣe wá mọ̀ pé láti Máàsì ni? Nínú irú àwọn òkúta wọ̀nyí, afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sínú wọn. Àwọn ọkọ̀ Viking tí NASA gbé balẹ̀ síbẹ̀ ti wọn afẹ́fẹ́ Máàsì lọ́hùn-ún gan-an ní 1976. Nígbà tí wọ́n fi méjèèjì wéra, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé wọ́n ti gbé èérún Zagami kan padà sílé. Inú ọkọ̀ Mars Global Surveyor, tó gbéra ní November 1996, ni wọ́n fi í sí. Láti Máàsì dé Katsina, láti Katsina dé Amẹ́ríkà, ó tún padà lọ ń yí Máàsì po. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òkúta náà ti tó nǹkan bíi 180 mílíọ̀nù ọdún. Nítorí náà, bó o bá tún gba Mápó kọjá, kí àgbà ibẹ̀ dáadáa. Òkúta tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ dàgbà ju ti Máàsì yẹn lọ.

Àǹtí, ẹ gbà mí o. Kẹ́hìndé mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ní ẹ̀kọ́ òkúta Máàsì lòun fẹ́ kà. Táyé fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, mo mọ ibi tíyẹn máa ṣiṣẹ́. Ta ló máa gba Kẹ́hìndé síṣẹ́ Máàsì ní Mọ́níyà? Obìnrin sì tún ni. — Ìyá Ìbejì, Mọ́níyà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o. Mi ò ní tàn yín, kò sí ọ́fíìsì Máàsì ní Mọ́níyà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí yunifásítì nítòsí wa tí wọ́n ti ń fi òkúta Máàsì nìkan gba dìgírì. Jíọ́lọ́jì ni yóò kọ́kọ́ kà, ní UI tàbí ní Ifẹ̀, lórí òkúta ilé ayé. Máàsì yóò wá tẹ̀ lé e bí ọkàn rẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀. Jíọ́lọ́jì yẹn sì ní iṣẹ́ nílé. Ẹ ka iye bọ́họ̀ tó wà ládùúgbò yín. Ẹ wá béèrè iye tí omi rẹ̀ ti gbẹ. Mo mọ onílé kan tó gbẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo, torí ó ní owó tí jíọ́lọ́jísìtì máa gbà láti kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ wò ti pọ̀ jù. Inú àpáta ni omi Ìbàdàn ń sá pamọ́ sí, níbi tó ti la tàbí tó ti jẹrà, ẹni tó mọ̀ ọ́n wá ló ń rí i. Iṣẹ́ òkúta fífọ́ wà, iṣẹ́ ọ̀nà àti afárá wà, ti ìkún omi wà. Ilé iṣẹ́ sátẹ́láìtì ìjọba àpapọ̀, NASRDA, wà ní Abuja láti 1999.

Bákan náà ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí níbí àti lọ́hùn-ún. Ẹ ṣáà mọ bí a ṣe ń mi àgbọn kí a tó rà á, kí a lè mọ̀ bóyá omi wà nínú rẹ̀? Ohun tí ẹ̀rọ InSight ṣe ní Máàsì láti 2018 nìyẹn. Ó jókòó sójú kan, ó ń tẹ́tí sílẹ̀ nígbàkúùgbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ bá mì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mọ bí inú pílánẹ́ẹ̀tì náà ṣe rí. Kí ló wá pa á ní 2022? Eruku. Eruku bo páńẹ́ẹ̀lì sólà rẹ̀ títí iná fi tán. Ẹni tó bá ń gun òrùlé lọ nu sólà lásìkò ọyẹ́ ní Mọ́níyà, ìyẹn ò ṣàjèjì sí i. Eruku pupa Máàsì sì jọ ti wa: irin tó dípẹtà ló sọ méjèèjì di pupa.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe kò pọ̀. Kí ó má fi físíìsì, kẹ́mísírì àti ìṣirò sílẹ̀, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ sọ fún un pé wọ́n le. Kó fi fóònù yín wo àwòrán tí ọkọ̀ Curiosity àti Perseverance ń fi ránṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni NASA gbé wọn síta fún gbogbo ayé, dátà nìkan lẹ máa ná. Ní ti pé obìnrin ni, èmi náà obìnrin ni, mo bí mẹ́rin, òkúta kò sì dí èyíkéyìí nínú wọn lọ́wọ́.

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o sọ fáwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pé ẹdùn àrá kì í ṣe òkúta ọ̀run. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ bàbá mi ló ti wá, ọwọ́ bàbá tiẹ̀ ló ti gbà á. Ṣé irọ́ làwọn baba wa ń pa ni? — Bàbá Alágbẹ̀dẹ, Ọjà’ba

Bàbá, mo kúnlẹ̀. Ẹ má bínú sí mi. Ohun tí mo sọ ni pé ẹdùn àrá tí wọ́n gbé wá hàn mí, tó rí bí orí àáké, tó dán, tí ẹnu rẹ̀ pọ́n, ọwọ́ èèyàn ni mo rí lára rẹ̀. Àwọn ará àtijọ́ ló lọ̀ ọ́ kí irin tó dé. Òjò a ṣí i jáde nílẹ̀ lẹ́yìn tí àrá bá sán, ẹni tó bá he é á sì gbà pé òkè ló ti wá. Àwọn òyìnbó náà he irú rẹ̀ lóko wọn, ohun kan náà ni wọ́n sì sọ, pé ara àrá ni.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí, Bàbá, torí mo mọ̀ pé yóò dùn mọ́ yín. Títí fi di nǹkan bí igba ọdún ó lé sẹ́yìn, àwọn ọ̀mọ̀wé ńláńlá ní Yúróòpù ń fi ẹni tó bá ní òkúta ń bọ́ láti ojú ọ̀run ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ará oko ni. Ìgbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkúta rọ̀ sórí ìlú L’Aigle ní Faransé ní April 26, 1803, tí wọ́n rán onímọ̀ kan, Jean-Baptiste Biot, lọ wádìí, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tó gbà. Àwọn ará oko náà ló jàre.

Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ tilẹ̀ lè ràn mí lọ́wọ́. Nínú òkúta mẹ́wàá tí wọ́n ń gbé wá fún mi pé ó bọ́ láti ọ̀run, ìdàrọ́, pàǹtí tó ń kù nídìí irin yíyọ́, ni mẹ́jọ. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìdàrọ́ ní ihò-ihò bíi búrẹ́dì, òkúta ọ̀run kì í sábà ní. Èèpo dúdú tín-ín-rín ló máa ń wà lára tiẹ̀, níbi tí iná ti jó o bó ṣe ń bọ̀, ó máa ń wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, òòfà sì sábà máa ń fà á. Wọn kì í gbà mí gbọ́. Bó bá jẹ́ ẹnu yín ni wọ́n ti gbọ́ ọ, wọ́n á gbà.

Tó bá ṣe é ṣe, màá fẹ́ wá wo ti ọwọ́ yín yẹn lọ́jọ́ tí àyè bá wà. Mi ò ní gbé e kúrò níbi tó wà, òòfà kékeré tí mo yọ lára rédíò tó bàjẹ́ nìkan ni màá mú dání. Kìkì pé, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi epo pa á kí n tó dé.